Ìlú Halifax ní Kánádà: Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀, Ogún Rẹ̀, àti Okùn Tí Ó So Ó Mọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù



Ìtàn ìlú òkèèrè kan ni a yàn láti bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè bi wá pé: kí ni ó kàn wá nínú ìlú Halifax, tí ó wà ní etí òkun Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú kí omi le bí òkúta? Ìdáhùn wa ni pé ohun méjì ni ó kàn wá. Èkínní, èbúté Halifax ni àwọn ènìyàn dúdú tí ó tẹ Freetown dó ti wọ ọkọ̀ ní ọdún 1792; ní Freetown náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Èkejì, ìtàn ìlú náà fi hàn bí ìlú kan ti lè gbàgbé ẹni tí ó bá lórí ilẹ̀, àti bí ó ti ṣòro tó láti tún irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìrántí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

ÀWỌN ONÍLẸ̀

Kí òyìnbó kankan tó dé etí òkun náà, àwọn ènìyàn kan tí à ń pè ní Mi'kmaq ni ó ni ín. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ ti rí ohun èlò olókùúta ní Debert, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Halifax, èyí tí ó fi hàn pé ó lé ní 10,000 ọdún tí ènìyàn ti ń gbé agbègbè náà. Mi'kma'ki ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ wọn. Ẹkùn méje ni wọ́n pín in sí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ ńlá kan tí gbogbo ẹkùn ń péjọ sí láti jíròrò. Ẹ̀yin ìjòyè wa yóò rí i pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn tí kò ní ìlànà. Bí ìgbà ooru bá dé, wọn a sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun láti pẹja àti láti ṣa ìṣáwùrú. Bí òtútù bá dé, wọn a padà sínú igbó láti ṣọdẹ. Èèpo igi ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi wọn, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè rù ú láti odò kan dé òmíràn.

Kjipuktuk ni wọ́n ń pe ibi tí Halifax wà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Èbúté Ńlá. Orúkọ náà yẹ ẹ́: èbúté náà gbòòrò, ó jinlẹ̀, yìnyín kì í sì í dí i pa ní ìgbà òtútù. Ohun tí ó mú kí àwọn onílẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀ náà ni ó mú kí ó wọ àlejò lójú.

Àwọn Faransé ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí ilẹ̀ náà, ní Port Royal, ní ọdún 1605. Wọ́n bá àwọn Mi'kmaq ṣòwò, wọ́n sì bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1713, lẹ́yìn ogun kan ní Yúróòpù, ọba Faransé fi ọwọ́ sí ìwé ní Utrecht pé òun fi ilẹ̀ náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò sí Mi'kmaq kan níbi tí a ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni tí kò ni ilẹ̀ ni ó fi ilẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Nínú ìwé kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wàhálà tí ó dé lẹ́yìn ti hù jáde.

BÍ A TI TẸ ÌLÚ NÁÀ DÓ

Àwọn Faransé kò kúrò pátápátá. Wọ́n di erékùṣù Cape Breton mú, wọ́n sì mọ odi ńlá kan síbẹ̀ tí a ń pè ní Louisbourg. Ní ọdún 1745 àwọn ará New England, tí wọ́n jẹ́ ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gba odi náà. Ní ọdún 1748 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún dá a padà fún Faransé nínú àdéhùn àlàáfíà. Ó dun àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn gbà á. Láti tù wọ́n nínú, àti láti ní odi tí yóò kojú Louisbourg, ìjọba pinnu láti tẹ ìlú tuntun dó sí Èbúté Ńlá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1749 ni Edward Cornwallis, ọmọ ogun tí a fi ṣe gómìnà, gúnlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé e kó nǹkan bí 2,500 ènìyàn wá: ọmọ ogun tí a ti tú sílẹ̀, atukọ̀, oníṣọ̀nà, àti ìyàwó òun ọmọ wọn. Wọ́n fi orúkọ Earl ti Halifax, olórí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó òwò àti àwọn ilẹ̀ òkèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ìlú náà. Báyìí ni Kjipuktuk di Halifax. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú wà ní òdì kejì òkun. Ẹni tí ó ti ń pe ibẹ̀ lórúkọ láti ayébáyé wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í.

Àwọn awọnlẹ̀ fa ìlà òpópónà gbọọrọ ní ẹsẹ̀ òkè kan, wọ́n pín ilẹ̀ fún olúkúlùkù, wọ́n sì fi ọgbà igi yí ìlú náà ká. Orí òkè yẹn ni wọ́n kọ́ odi sí. Odi tí a ń rí níbẹ̀ di òní ni ẹ̀kẹrin, láàárín ọdún 1828 sí 1856 ni a sì kọ́ ọ. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ le púpọ̀. Ibà ńlá kan wọ inú ọkọ̀ àti àgọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn mìíràn sá lọ sí New England. Ìlú tí a fi owó ìjọba àti àṣẹ ọba tẹ̀ dó kò bọ́ lọ́wọ́ ikú àti ebi.

OGUN ÀTI MÁJẸ̀MÚ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1749 náà ni àwọn Mi'kmaq fi ìwé ránṣẹ́ sí gómìnà, ní èdè tiwọn àti ní èdè Faransé. Ohun tí ìwé náà wí kò le láti lóye: pé ilẹ̀ tí ó ń kọ́lé sí jẹ́ tiwọn, pé láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti hù jáde, àti pé wọn kò ní gbà kí a gbà á lọ́wọ́ wọn láìbi wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ pàṣẹ pé gínì 10 ni a óò san fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú Mi'kmaq kan wá láàyè, tàbí tí ó bá mú awọ orí rẹ̀ wá. A kò ṣe àfikún sí i. Àṣẹ náà wà nínú ìwé ìjọba títí di òní.

Ṣùgbọ́n ogun kì í jà títí kí a má padà sí ìjíròrò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1752, Jean-Baptiste Cope, olórí kan nínú àwọn Mi'kmaq, bá gómìnà Hopson fọwọ́ sí ìwé májẹ̀mú ní Halifax. Ní ọdún 1760 àti 1761 a tún ṣe àwọn mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1761 wọ́n péjọ sí oko gómìnà ní Halifax, wọ́n sì ri àáké ogun mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì pé ìjà parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: nínú àwọn májẹ̀mú wọ̀nyí, kò sí ibì kan tí àwọn Mi'kmaq ti sọ pé wọ́n ta ilẹ̀ wọn tàbí pé wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Àlàáfíà àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe. Wọ́n sì di ẹ̀tọ́ wọn mú láti máa ṣọdẹ, láti máa pẹja, àti láti máa ta ohun tí wọ́n bá pa.

Ìjọba gbàgbé, àwọn Mi'kmaq kò gbàgbé. Ní ọdún 1928 ilé ẹjọ́ dá Gabriel Sylliboy, olórí àgbà gbogbo Mi'kmaq, lẹ́bi nítorí pé ó ṣọdẹ ní àkókò tí òfin kò gbà. Ó gbé májẹ̀mú 1752 kalẹ̀. Adájọ́ wí pé májẹ̀mú náà kò ní agbára, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí ó lè bá ọba ṣe àdéhùn. Sylliboy kú ní ọdún 1964 láìrí ìdáláre. Ní ọdún 1985 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Kánádà wá gbà pé májẹ̀mú náà dúró ṣinṣin. Láti ọdún 1986 ni a sì ti ń pa ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá mọ́ ní Nova Scotia gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Májẹ̀mú. Ní ọdún 2017 ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá Sylliboy láre, wọ́n sì tọrọ gáfárà. Ó ti kú fún ọdún 53. Ìwé tí a bá pa mọ́ dáradára lè jẹ́rìí nígbà tí ẹni tí ó ni ín kò sí mọ́.

OHUN TÍ ÌLÚ NÁÀ FI Ń YANGÀN

Ó yẹ kí a sọ rere tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn tí ó fi apá kan sílẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ní ọdún 1750 ni wọ́n ṣí ilé ìjọsìn St. Paul, òun sì ni ilé tí ó pẹ́ jù ní ìlú náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1752 ni Halifax Gazette jáde, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo Kánádà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1758 ni àwọn aṣojú tí ará ìlú yàn jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sí irú ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ́ẹ̀ ní Kánádà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1803 ni aago ńlá tí Ọmọọba Edward, bàbá Ọbabìnrin Fikitóríà, ṣètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ẹsẹ̀ òkè odi.

Ní ọdún 1835, Joseph Howe, tí ó ni ìwé ìròyìn kan ní ìlú náà, tẹ lẹ́tà kan jáde tí ó fi ẹ̀sùn kan àwọn adájọ́ ìlú pé wọ́n ń jẹ owó ará ìlú. Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Kò rí agbẹjọ́rò tí ó gbà á níyànjú pé ó lè borí, nítorí náà ó rojọ́ fúnra rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò pẹ́ kí wọ́n tó dá a láre. Ní ọdún 1848 Nova Scotia di àkọ́kọ́ nínú àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun tí àwọn ìjòyè ìjọba rẹ̀ ń jíhìn fún aṣojú ará ìlú, Howe sì wà nínú àwọn tí ó jà fún un. Ìlú kan náà tí ó san owó lórí awọ orí ènìyàn ni ó bí ẹ̀tọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ènìyàn ti rí.

ÀWỌN ÈNÌYÀN DÚDÚ ÀTI ỌKỌ̀ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn dúdú ti wà ní Halifax. Ní ọdún 1752, ọdún kan náà tí ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Joshua Mauger polówó ẹrú nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun, àwọn ọ̀gágun ọba ṣèlérí òmìnira fún ẹrú tí ó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1783, nígbà tí ogun parí, a kọ orúkọ nǹkan bí 3,000 ènìyàn dúdú sínú ìwé kan ní New York, a sì kó wọn lọ sí Nova Scotia. A ti ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí ilẹ̀ kankan gbà. Èyí tí àwọn mìíràn rí kéré, òkúta ni ó sì kún un. Owó iṣẹ́ wọn kò tó ti òyìnbó. Ní ọdún 1784, ní Shelburne, àwọn ọmọ ogun tí a ti tú sílẹ̀ tí wọ́n jẹ́ òyìnbó dìde sí wọn, wọ́n sì wó ilé wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Thomas Peters, tí ó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì lábẹ́ ọba. Ní ọdún 1790 ó kó ẹ̀bẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí lè tún bọ́ sọ́wọ́ agbénipa lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn tí ń gbèrò láti tẹ ìlú dó sí Sierra Leone pàdé. Wọ́n rán John Clarkson, ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan, wá sí Halifax láti pe àwọn tí ó bá fẹ́ lọ. Àwọn oníwàásù bíi David George àti Moses Wilkinson, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, kó gbogbo ìjọ wọn jọ, wọ́n sì tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1792, ọkọ̀ 15 ṣí kúrò ní èbúté Halifax, ó kó nǹkan bí 1,200 ènìyàn. Ó lé ní 60 tí ó kú lójú òkun. Ní oṣù kẹta àwọn yòókù gúnlẹ̀, wọ́n sì ṣán igbó Freetown. Peters kú ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ní ọdún 1800 àwọn Maroon tẹ̀lé wọn, àwọn ọmọ Jamaica tí a ti kó wá sí Halifax ní ọdún 1796 tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí odi òkè náà. Ó bani lọ́kàn jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n dé bá ọjọ́ tí àwọn ará àkọ́kọ́ ń ṣọ̀tẹ̀ nítorí owó ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Sierra Leone ń béèrè. A sì lo àwọn Maroon láti fi ọ̀tẹ̀ náà rọ̀.

Níhìn-ín ni okùn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ọdún 1807, tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí a kó nígbèkùn lójú òkun, wọ́n sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nínú wọn ni Àjàyí Crowther wà, ọmọ Òṣogùn, tí ó gúnlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1822. Ìlú tí wọ́n bá, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ará ìlú ń sọ, gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ àwọn tí ó ti Halifax wá wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Badagry àti Abẹ́òkúta, àwọn náà ni ó sì mú ìwé wá fún wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ ipa ẹ̀kọ́ ìwé ní ilẹ̀ wa yóò dé Freetown. Bí ó bá sì tún tẹ̀síwájú, yóò dé èbúté Halifax.

ÀWỌN TÍ Ó ṢẸ́KÙ SẸ́YÌN

Gbogbo wọn kọ́ ni ó lọ. Lẹ́yìn ogun ọdún 1812 nǹkan bí 2,000 ènìyàn dúdú mìíràn tún dé láti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1832 Richard Preston, tí ó ti ṣe ẹrú rí, dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ fún wọn ní Halifax. Ní ọdún 1848 àwọn kan ra ilẹ̀ ní etí omi ní àríwá ìlú. Ìletò wọn ni a wá ń pè ní Africville. Owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ń san owó orí. Síbẹ̀ ìlú kò fa omi dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ṣe ọ̀nà fún wọn. Ojú irin ni ó gba àárín ilé wọn kọjá; ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn, àti ààtàn ìlú ni a gbé wá sí tòsí wọn. Nígbà tí ó yá, a wí pé ibẹ̀ dọ̀tí. Láàárín ọdún 1964 sí 1970 a lé nǹkan bí 400 ènìyàn kúrò, a wó ilé wọn. Ọkọ̀ akólẹ̀ ni a fi kó ẹrù àwọn kan. Ní ọdún 1967, ní òru, a wó ilé ìjọsìn wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2010 ni ìlú Halifax tọrọ gáfárà, a sì kọ́ ilé ìjọsìn náà padà gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí.

A kò ní pẹ́ lórí jàǹbá ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1917, nígbà tí ọkọ̀ Faransé kan tí ó kó ohun ìjà olóró kọlu ọkọ̀ Norway kan ní èbúté náà, tí ó bú gbàmù, tí ó sì pa nǹkan bí 2,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìletò Mi'kmaq kan wà ní òdì kejì omi tí ó run lọ́jọ́ náà, a sì pẹ́ kí a tó máa dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn.

ÈRE ÀTI ORÚKỌ

Ní ọdún 1931 ìlú náà gbé ère Cornwallis nàró. Àwọn Mi'kmaq ń kọjá lábẹ́ ère ẹni tí ó dá owó lé orí àwọn baba wọn. Ní ọdún 2018 ìgbìmọ̀ ìlú gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún kan náà ìjọ tí Preston dá sílẹ̀, tí ó ti ń jẹ́ orúkọ òpópónà Cornwallis, yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní ọdún 2023 òpópónà náà di ti Nora Bernard, obìnrin Mi'kmaq tí ó jà fún àwọn ọmọ tí a fi ipá kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn kan wí pé èyí ń pa ìtàn rẹ́. Lójú tiwa, ère kì í ṣe ìtàn. Ọlá ni a ń fi í bù fún ènìyàn. Ìtàn Cornwallis ṣì wà nínú ìwé, a ti sọ ọ́ fún yín lónìí. Ohun tí a mú kúrò ni ọlá.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Àwọn àgbà wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A rọ ẹ̀yin ìjòyè wa pé kí ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àtijọ́ tí odò, òkè àti ojúbọ ìlú yín ń jẹ́ sílẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn ilẹ̀ wà ní ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní èdè tí ọmọ onílẹ̀ lè kà. A sì rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ nípa Freetown, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn bàbá wa dé ibẹ̀. Ẹ sọ fún wọn nípa ọkọ̀ 15 náà àti òtútù tí wọ́n ti ṣí kúrò.

Bí a bá sì wo inú ara wa, a óò bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ní ìlú tiwa, ta ni ó bá lórí ilẹ̀ tí a kì í dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìtẹ̀dó? Ta ni ó ń san owó orí tí ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó gba Halifax ní ọdún púpọ̀ kí ó tó bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwa lè tètè bi ara wa.

 Kí ẹ̀mí gbogbo wa gùn, kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì rí ẹni tí yóò máa rántí fún un.